Kí ìjọba ìbílẹ̀ tó ra àpò ìrẹsì kan ṣoṣo

Kánsẹ́lọ̀ kan ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kánsẹ́lọ̀ ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀ kan tí odò Ògùn gba inú rẹ̀ kọjá. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, ọkàn wa kì í balẹ̀ mọ́. Alága ti ní kí n kọ ètò oúnjẹ fún ìgbà pàjáwìrì wá kí a tó jókòó lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan nínú wa ní kí a ra ìrẹsì, kí a kó o pamọ́. Àwọn kan ní iṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti NEMA, àjọ pàjáwìrì ìjọba àpapọ̀, ni, kò kàn wá. Owó wa kò pọ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Kánsẹ́lọ̀ wa, ẹ kú ìtọ́jú ìlú. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ẹ béèrè nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Inú ọjà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì lẹ máa rà kẹ́yìn, èyí tẹ́ ẹ máa rà yóò sì kéré gan-an sí èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń gbèrò. Àwọn tó ń bọ́ ìlú lójoojúmọ́ náà ló máa bọ́ ọ lọ́jọ́ tí nǹkan bá dojú rú, bí ẹ bá ti rí sí i pé iṣẹ́ wọn kò dúró: alájàpá, aláròóbọ̀, ọlọ́kọ̀, ìyá tó ń se ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìkẹ́rùsí wà fún ìwọ̀nba ibi tí ọwọ́ àwọn yẹn kò bá tó. Ìjọba ìbílẹ̀ tó ń fi ilé ìkẹ́rùsí ṣáájú ń náwó púpọ̀ láti bọ́ ìwọ̀nba ènìyàn fún ìwọ̀nba ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó ní kò kàn yín lóhùn. NEMA wà lóòótọ́, òfin ti dá a sílẹ̀ láti 1999, ìpínlẹ̀ náà sì ní àjọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ wọn tó gbéra, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ènìyàn báyìí ni omi lé jáde, ibi báyìí ni wọ́n sá sí, ọ̀nà báyìí ni ọkọ̀ lè gbà. Ta ló máa sọ ọ́ bí kì í bá ṣe ẹ̀yin? Láti alẹ́ tí omi wọlé títí di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ọmọ àdúgbò nìkan ló wà pẹ̀lú ọmọ àdúgbò. Ètò ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ pàjáwìrì. Ẹ wo fáìlì tiyín. Bí ó bá jẹ́ orúkọ lásán ló wà níbẹ̀ láìsí nọ́ńbà fóònù tó ń lọ, ẹ kò tíì ní ìgbìmọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sí Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kà á bí ẹni tí ebi ń pa. Ọjà wà níbẹ̀. Ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, ilé ìpẹran wà níbẹ̀, ọ̀nà àti gọ́tà àdúgbò wà níbẹ̀. Ilé fún àwọn aláìní àti aláìlera wà níbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń fún ọlọ́kọ̀ ojú omi, onímọlanke àti oníbárò níwèé àṣẹ. Ó tún fi ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ètò ìlera kún un, kí ẹ jọ ṣe é pẹ̀lú ìpínlẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kó tó dé ẹnu aráàlú ló wà lábẹ́ ọwọ́ yín. Ìlú tí odò gba inú rẹ̀ kọjá, tí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ sì ní ìwé tó péye nípa àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, orúkọ wọn, èbúté wọn, iye ẹrù tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé, ti ní ohun tí owó tirela ìrẹsì mẹ́wàá kò lè rà lálẹ́ ọjọ́ tí omi bá dé. Nínú gbogbo iṣẹ́ inú Àfikún yẹn, ìwé ọlọ́kọ̀ ojú omi ni mo rí i pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń fojú fò jù, ó sì máa ń ká mi lára.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọjà ni pé a ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí. Ní oṣù kejì 2021, lẹ́yìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya dá ẹrù dúró. Ọkọ̀ tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ wá kò kọjá Jẹ́bà. Kí ó tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta tí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà, owó àlùbọ́sà, tòmátì àti ẹran ti fò sókè ní ìhà gúúsù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, omi bo ọ̀nà ní Lọ́kọ́jà, tírélà oúnjẹ àti ti epo bẹntiróòlù há sójú kan. Omíyalé ọdún 2022 yẹn pa ju 600 ènìyàn lọ káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé èyí tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Ilé tí omi kò dé rárá, tó jìnnà sí Lọ́kọ́jà, jìyà rẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fà yọ níbẹ̀ ni pé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, màlúù àti èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Gàrí, iṣu, àgbàdo, epo pupa, ẹ̀fọ́ àti ẹja odò wà nítòsí yín. Bí Jẹ́bà bá dí, ẹ ó ṣì rí gàrí. Bí ọ̀nà oko yín bá já, ẹ ó rí ìrẹsì àti ẹ̀wà tó ń gba títì ńlá wọlé, àmọ́ gàrí yóò jókòó sí abúlé. Ètò tó bá kàn ní "oúnjẹ" lápapọ̀ kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ kọ oúnjẹ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí àwọn ènìyàn yín ń jẹ jù sílẹ̀, ẹ kọ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ̀nà kejì tó lè gbà bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́. Ibi tí ẹ kò bá ti rí ọ̀nà kejì kọ, ibẹ̀ ni owó àtúnṣe ọ̀nà oko yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Ẹ kò lè rí ìyẹn kọ láti inú ọ́fíìsì. Ẹ lọ sọ́jà láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ ọjà, kí ẹ̀yin àti ọ̀gá tó ń mójú tó ìlera àyíká jọ lọ, kí ẹ ti rí Ìyálọ́jà àti Bábálọ́jà lọ́jọ́ tó ṣáájú kí ara má baà fu ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ẹ fi kámẹ́rà sílé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ pé: níbo lẹ ti ń ra èyí? Ọjọ́ wo ni ọkọ̀ ń kó o dé? Bí ọkọ̀ kò bá wá mọ́ láti òní, ọjọ́ mélòó ni ti ilẹ̀ yìí máa tó? Ìbéèrè kẹta yẹn ni kókó. Àwọn alágàrí máa ń mọ ìdáhùn rẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí òun ni wọ́n fi ń pinnu iye tí wọ́n máa rà. Bí púpọ̀ nínú wọn bá ní ọjọ́ mẹ́rin, ẹ mọ̀ pé ìlú yín ní ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn.

Nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́wà kan ti fà mí wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kí n bá òun gbé àpò kan kúrò lára ògiri. Ìlà dúdú kan wà níbẹ̀, ó ga tó orúnkún mi, ẹrẹ̀ gbígbẹ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní ibi tí omi dé ní ọdún méjì sẹ́yìn nìyẹn. Gbogbo àpò ẹ̀wà rẹ̀ ló wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀ ìlà yẹn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi kan pákó gbé wọn lé. Ó ní pákó wọ́n, ògiri náà sì jẹ́ ti ìjọba, òun kò lè kan ìṣó mọ́ ọn láìgbàṣẹ. Àpò ẹ̀wà mélòó ló wà nínú ọjà yẹn ní irú ipò bẹ́ẹ̀? Omi alẹ́ kan ṣoṣo lè ba oúnjẹ tó pọ̀ ju èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ lè rà jẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti rà á tán, ó ti wà láàárín ìlú. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ rí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì yín ni pákó: pẹpẹ tó ga kọjá ojú ibi tí omi dé rí, nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó wà ní ibi kòtò, pẹ̀lú gọ́tà ọjà tí wọ́n kó mọ́ kí òjò tó wọlé. Kò sí ẹni tó máa gé rìbọ́ọ̀nù lórí pákó, àmọ́ kò sí ohun tó tún lè gba oúnjẹ là tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré.

Ẹ tún ní ìwé owó ọjà. Ẹ yan akọ̀wé kan tó ń gbé nítòsí ọjà. Kí ó máa kọ iye owó kọ́ńgò gàrí kan, kọ́ńgò ẹ̀wà kan, kọ́ńgò ìrẹsì kan àti ìgò epo pupa kan, lọ́wọ́ àwọn olùtajà kan náà, lọ́jọ́ ọjà gbogbo. Bí ó bá ti kọ ọ́ fún ọdún kan, ẹ ó mọ bí owó ṣe máa ń gun òkè kí iṣu tuntun tó dé, àti bí ó ṣe máa ń rọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Lẹ́yìn náà, bí gàrí bá fò lásìkò tí kò yẹ kó fò, ẹ ó rí i ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ebi kì í dúró de omíyalé. Ní oṣù kẹfà 2024, àjọ tó ń ṣètò ìṣirò orílẹ̀-èdè sọ pé owó oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Kò sí odò tó kún bo ilé ẹnikẹ́ni kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàjáwìrì ni.

Kí lẹ lè ṣe bí ìwé náà bá fi ewu hàn? Ẹ kò lè pàṣẹ fún owó ọjà, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀. Àwọn alájàpá yóò kàn gbé ẹrù wọn lọ sí ọjà mìíràn, ebi yóò wá le sí i. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni tíkẹ́ẹ̀tì àti onírúurú owó tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ oúnjẹ. Ẹ fi sínú òfin ìjọba ìbílẹ̀ yín láti ìsinsìnyí pé bí alága bá ti kéde pàjáwìrì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ tó kó oúnjẹ wọlé fún ọjọ́ 14. Ẹ pe àwọn onímọ́tò sí ìjókòó náà, kí wọ́n fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín. Ẹ tún wá pápá kan tó wà lórí òkè, bóyá pápá ilé ẹ̀kọ́, tí ọjà lè ṣí lọ fúngbà díẹ̀, kí olúkúlùkù ti mọ ibi tí yóò pàtẹ sí. Ọjà tó bá ṣí padà ní ọjọ́ kejì ti dín iṣẹ́ yín kù gan-an.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kàn. Nínú gbogbo ìlú tí nǹkan bá dé bá, àwọn kan wà tí ọjà kò lè bọ́, torí wọn kò lówó lọ́wọ́ tàbí wọn kò lè rìn débẹ̀. Àgbàlagbà tó ń dá gbé. Ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn. Alágbàṣe tó ń jẹ ohun tó bá rí lóòjọ́, tí kò bá sì jáde lónìí, kò ní rí jẹ lálẹ́. Ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò mọ púpọ̀ nínú wọn, ẹ gba orúkọ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ onílé kì í gbé orúkọ ayálégbé. Kì í gbé orúkọ àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn apẹja tó kọ́ àgọ́ sétí omi, tàbí àwọn ọmọ Òkè Ọya tó ń sùn sí ọjà, tàbí àwọn darandaran tó wà lẹ́yìn ìlú. Àwọn yìí ni omi máa ń kọ́kọ́ bá. Mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn olórí wọn mọ̀ wọ́n, ẹ lọ bá wọn. Ẹ máa tún ìwé náà kọ lọ́dọọdún. Ẹ má sì jẹ́ kí ó di ìwé ẹgbẹ́ òṣèlú. Mo mọ̀ pé èyí nira, àmọ́ ìgbà tí aráàlú bá ti rí i pé káàdì ẹgbẹ́ ló ń gbé orúkọ wọlé, kò sẹ́ni tó máa sọ òótọ́ fún yín mọ́.

Ti àwọn ọmọdé ní ọ̀nà tirẹ̀, kò sì gbówó lórí. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé yín ní tépù kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Wọ́n á wé e mọ́ àárín apá òsì lókè igbọnwọ́. Bí ó bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, àwọ̀ pupa ni, ebi ti ń ṣe ọmọ náà ní jàǹbá, ilé ìwòsàn ló kàn. Láàárín 11.5 sí 12.5, àwọ̀ òféèfé, ẹ tètè bá a wá oúnjẹ. Wọ́n lè kọ́ àwọn ìyá fúnra wọn láti wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ti wọn àwọn ọmọ ní oṣù karùn-ún, kí òjò tó le, ẹ ó mọ àdúgbò tí ebi ti ń jà tẹ́lẹ̀. Omi kò ní bá yín lójijì níbẹ̀.

Ó wá ku ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ káàkiri àgbáyé ń lò ni kálórì 2,100 fún ènìyàn kan lójúmọ́. Gíráàmù 400 oúnjẹ gbígbẹ bí ìrẹsì tàbí gàrí, gíráàmù 60 ẹ̀wà àti gíráàmù 25 òróró máa ń mú un dé nǹkan bí 1,850. Ká ní ènìyàn 500 ni ẹ kà nínú ìwé orúkọ pé ọjà kò ní lè bọ́, fún ọjọ́ méje. Oúnjẹ gbígbẹ jẹ́ kílò 1,400, ìyẹn àpò oníkílò 50 méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀wà jẹ́ kílò 210. Òróró jẹ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin. Ó tán. Igun yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìrẹsì tẹ́ ẹ máa rà yóò kéré. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ńlá wá síwájú yín, ẹ bi í pé ènìyàn mélòó ni yóò bọ́, fún ọjọ́ mélòó.

Nínú àwọn àpò yẹn, ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìrẹsì. Ẹni tí omi ba ilé rẹ̀ jẹ́ kò ní ìkòkò, igi ìdáná rẹ̀ ti tutù, gáàsì rẹ̀ ti bá omi lọ. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ohun tí a kì í sè ló lè jẹ: gàrí, ẹ̀pà, kúlíkúlí, búrẹ́dì. Gàrí tó bá gbẹ dáadáa máa ń pẹ́. Kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un, ẹ ṣí ọwọ́. Bí ó bá dì mọ́ra, omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò bu. Ẹ̀wà ni kí ẹ rà láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ìkórè Òkè Ọya bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ kó o sínú àpò alápá mẹ́ta, ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde, kí ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin. Atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò tán, kòkòrò yóò kú, ẹ kò nílò oògùn kankan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn apakòkòrò sí oúnjẹ ìjọba ìbílẹ̀. Bí ó bá di oṣù karùn-ún, tí ẹ kò lò ó, ẹ tà á fún àwọn tó ń se oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra tuntun.

Gàrí ní ewu kan tí àwọn tó ń kọ ètò kì í rántí. Omi tútù la fi ń mu ún. Bí omíyalé bá ti kó ẹ̀gbin ṣalágá wọ inú kànga, gàrí yẹn kan náà yóò gbé àrùn onígbáméjì wọ ilé. Ẹ rántí bí àrùn náà ṣe jà l'Ékòó ní oṣù kẹfà 2024. Nítorí náà, ẹ má pín gàrí láìpín omi. Ìwọ̀n tó kéré jù ni lítà 15 fún ènìyàn kan lójúmọ́, fún mímu, dídáná àti ìmọ́tótó. Fún ènìyàn 500, lítà 7,500 nìyẹn lójoojúmọ́. Táńkà kan tó gba lítà 10,000 á gbé e. Ẹ bá ẹni tó ni táńkà náà ṣe àdéhùn nísinsìnyí, ní iye owó tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí, kí ó má di pé ẹ ń ná ọjà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kí oògùn kílórínì sì wà nílé ìlera.

Ẹ pín ẹrù náà sí ibi méjì tàbí mẹ́ta, ó kéré tán ọ̀kan ní òdì kejì odò. Nígbà tí òjò 26 oṣù kẹjọ 2011 rọ̀ n'Ìbàdàn, tó pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, afárá já ní ọ̀pọ̀ ibi, ti Àpẹ̀tẹ̀ wà nínú wọn, àdúgbò odindi sì dá wà. Oúnjẹ tó wà ní òdì kejì afárá tó já kò sí. Ẹ tún rántí oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n kó oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà sí ní Mazamaza l'Ékòó, tó sì tàn dé Ẹdẹ àti Ìlọrin láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èrò tèmi ni pé oúnjẹ tí aráàlú kò mọ iye rẹ̀, tí wọn kò mọ ohun tó ń dá a dúró, ìbínú ló ń kó jọ. Ẹ kọ ọ́ sára pátákó níta sẹkitéríàtì: àpò báyìí, ibi báyìí, ìgbà báyìí ni yóò jáde. Ẹ fi àgádágodo mẹ́ta sí ilẹ̀kùn, kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ Ìyálọ́jà, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá ìlera.

Láti ọjọ́ kẹta, oúnjẹ sísè ló yẹ. Àwọn tó ń se oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ ti ní ìkòkò ńlá, wọ́n mọ bí a ṣe ń bu oúnjẹ dọ́gba fún ọgọ́rùn-ún ọmọ, àwọn ọmọ náà sì mọ̀ wọ́n. Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 2012 lábẹ́ ètò O'Meals, ìjọba àpapọ̀ gbé tirẹ̀ jáde ní 2016. Ẹ kọ orúkọ àwọn olóúnjẹ wọ̀nyí sínú ètò yín, kí ẹ sọ iye tẹ́ ẹ máa san fún wọn lójúmọ́. Ní Brazil, ìlú Belo Horizonte sọ oúnjẹ di ẹ̀ka iṣẹ́ tó dá dúró nínú ìjọba ìlú ní 1993, wọ́n ní ilé oúnjẹ ńlá tí olówó àti tálákà ti ń jẹun ní owó pọ́ọ́kú. Ilé ìdáná tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ wàhálà. N kò ní kí ẹ lọ kọ́ irú rẹ̀, àwọn ìyá olóúnjẹ yín tó.

Nípa pípín, mo bẹ̀ yín, ẹ má pe èrò jọ síbì kan. Ní 18 oṣù kejìlá 2024, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn, níbi ayẹyẹ tí wọ́n ti fẹ́ fún ọmọdé lẹ́bùn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Maitama l'Ábùjá, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ Kérésìmesì. Àwọn tó kú wọ̀nyẹn wá oúnjẹ lọ ni. Ẹ gbé e lọ sí àdúgbò, ojúlé sí ojúlé fún àwọn tó wà nínú ìwé orúkọ. Ibi tí ẹ bá ti ní láti to ènìyàn, kí ó má ju àádọ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, kí wákàtí olúkúlùkù wà lára tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbà jáde. Kí ẹ má kéde rẹ̀ lórí rédíò.

Ti àsìkò: àjọ ojú ọjọ́ NiMet àti NIHSA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi odò, máa ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò àti omíyalé ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún. Ẹ gbà á, ẹ wo orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yín nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ odò Ògùn tún ní ti dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983. Bí wọ́n bá tú omi rẹ̀ sílẹ̀ láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, Ìṣẹrí àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ló máa ń rí i. Ẹ kọ̀wé sí àjọ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun l'Ábẹ́òkúta, kí ẹ ní kí wọ́n máa sọ ọjọ́ ìtúmi fún yín tààrà, kí nọ́ńbà ẹni tó ń ṣe é ní ọ́fíìsì wọn sì wà lọ́wọ́ yín. Pákó àti gọ́tà, kí oṣù kẹta má kọjá. Ìwé orúkọ àti tépù apá, oṣù karùn-ún. Àdéhùn pẹ̀lú ọlọ́kọ̀ ojú omi, onítáńkà àti olóúnjẹ, oṣù kẹfà.

Owó: ní 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Bó ti ń dé ọwọ́ yín tàbí bí kò tíì dé, ẹ kọ gbogbo èyí sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ní orí tirẹ̀, ẹ má fi í sábẹ́ "ìnáwó mìíràn", torí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù. Ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ ní báńkì fún pàjáwìrì nìkan, tí yóò tó fún ọjọ́ méje.

Ó ku ohun kan tó ń ba ètò dáadáa jẹ́ ju àìlówó lọ. Omi máa ń fẹ́ràn alẹ́ Sátidé. Alága lè wà l'Ábùjá, káṣíà kò sí ní ọ́fíìsì, ilé ìkẹ́rùsí sì wà ní títì torí kò sẹ́ni tó lè buwọ́ lùwé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìpinnu ìgbìmọ̀ yín pé bí alága kò bá sí, igbákejì lè pàṣẹ kí wọ́n ṣí i, bí igbákejì kò bá sí, akọ̀wé lè pàṣẹ rẹ̀, bí akọ̀wé kò bá sí, ọ̀gá ìlera àti Ìyálọ́jà lè jọ ṣí i, kí wọ́n mú àwọn onílé méjì ṣe ẹlẹ́rìí, kí ìwé sì tẹ̀ lé e láàárín wákàtí 48. Olúkúlùkù ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́, kí ó fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń gbé ní ibi tí omi kì í dé. Ẹ jẹ́ kí alága buwọ́ lu èyí kí ẹ tó fi ètò tó kù síwájú rẹ̀.